Pàṣán Ọdẹ àti Ẹ̀jẹ̀ Àwọn Ìyá

Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bí ènìyàn bá gba Ṣágámù kọjá lọ sí Ìkẹ́nnẹ́ ní àkókò tí àwọn ọmọ ilé-ìwé wà ní ìsinmi, kò ní ṣàì rí àwọn màjèṣín tí wọ́n dorí kodò sí tẹlifóònù tàbí sí ẹ̀rọ eré kékeré tí a ń fi ọwọ́ méjèèjì dì mú, tí àtàǹpàkò wọn ń sáré bí ìka onígángan lára osán ìlù. Àgbàlagbà tí ó ń kọjá lọ lè rò pé eré lásán ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá bẹ̀rẹ̀ wo ojú ẹ̀rọ náà ní ọjọ́ tí ó jẹ́ pé géèmù tí wọ́n ń pè ní Castlevania ni ó wà níbẹ̀, ohun tí yóò rí kò ní ṣàjèjì sí i: ọdẹ kan ṣoṣo, nínú òru, nínú ilé olódi tí iwin àti òkú kún bámúbámú, tí ń fi pàṣán lé ẹ̀dá tí ń mu ẹ̀jẹ̀ ènìyàn.

Ilé-iṣẹ́ Konami ti ilẹ̀ Jàpáánì ni ó kọ́kọ́ gbé eré yìí jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1986, fún ẹ̀rọ tí a ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Oṣù tí ó tẹ̀lé e gan-an ni a kéde orúkọ Wọlé Ṣóyinká fún Ẹ̀bùn Nobel. Ọ̀rọ̀ Ṣóyinká náà kò ní pẹ́ kan eré yìí. Ní ọdún 1989, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Nintendo ṣe Game Boy, ẹ̀rọ tí kò tóbi ju ohun tí a lè kì bọ àpò lọ, ọdẹ náà bá a wọ inú àpò. Láti ìgbà náà ni ó ti ń bá ẹ̀rọ àfọwọ́mú kiri: ti ọdún 2001, 2002 àti 2003 wà fún Game Boy Advance, ti 2005, 2006 àti 2008 sì wà fún Nintendo DS. Konami ṣa àwọn ti àkọ́kọ́ jọ padà ní ọdún 2021, ó sì ṣa àwọn ti DS jọ ní 2024, tí ó fi jẹ́ pé ọmọ tí a kò tíì bí nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ jáde lè ta wọ́n lónìí.

Ìdílé kan tí ń jẹ́ Belmont ni iṣẹ́ náà jẹ́ tiwọn. Bàbá ń fi pàṣán lé ọmọ lọ́wọ́, ọmọ ń fi í lé ọmọ-ọmọ lọ́wọ́, nítorí pé bí a ti ń pa Dracula, ọba àwọn òkú amùjẹ̀, ni ó tún ń jí. Kò sí Yorùbá tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa là á yé. Ẹni tí ń jẹ́ Ọdẹ́wálé tàbí Ọdẹ́jọbí ti gbé iṣẹ́ baba rẹ̀ kọ́rùn kí ó tó mọ̀ ọ́n sọ. Ọdẹ Belmont a máa mú ọ̀bẹ, àáké, àgbélébùú àti omi mímọ́ kún pàṣán rẹ̀. Ọdẹ ilẹ̀ wa ní ìbọn, àdá, ọfọ̀, àféèrí àti egbé. Ìyàtọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a kíyè sí: ọdẹ Yorùbá a máa pa ẹran wálé, ilé a sì jẹun. Ọdẹ inú ẹ̀rọ kò mú ohunkóhun wálé rí ju ẹ̀mí ara rẹ̀ lọ.

Olùkọ́ èyíkéyìí tí ó bá ti kọ́ni ní lítíréṣọ̀ Yorùbá yóò ti rántí Fágúnwà. Ọdún 1938 ni *Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀* jáde, ogójì ọdún ó lé mẹ́jọ ṣáájú eré àwọn ará Jàpáánì, ọdẹ inú rẹ̀ sì ti wọ igbó tí ibi ń gbé, ó ti bá ẹ̀dá lóríṣiríṣi jà, ó sì ti padà wá ròyìn. Ṣóyinká ni ó túmọ̀ ìwé náà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1968. Òtítọ́ ni pé Abẹ́òkúta ni a bí i sí, ṣùgbọ́n ọmọ Ìsarà ni baba rẹ̀, Ìsarà sì jẹ́ ìlú Rẹ́mọ. Nínú ìwé tí ó kọ nípa ìgbà èwe rẹ̀ ní ọdún 1981, ó sọ bí baba baba rẹ̀ ní Ìsarà ṣe mú kí wọ́n sín gbẹ́rẹ́ fún òun, kí ọwọ́ ayé má baà tó òun. Ọmọ ilé ìjọ ni, ọmọ olùkọ́ ni, síbẹ̀ abẹ ni baba àgbà gbẹ́kẹ̀ lé.

Ìrìn díẹ̀ ni Ìsarà sí Ìkẹ́nnẹ́. Ní Ìkẹ́nnẹ́ ni olóògbé Tai Ṣólàrìn dá ilé-ìwé Mayflower sílẹ̀ ní ọdún 1956, ọkùnrin tí kò fi pamọ́ pé òun kò gba Ọlọ́run gbọ́, áńbọ̀sìbọ́sí iwin àti àjẹ́. Baba àgbà tí ń sín gbẹ́rẹ́ àti olùkọ́ tí ń kọ́ ọmọ pé kò sí ohun tí gbẹ́rẹ́ ń ṣọ́: Rẹ́mọ bí àwọn méjèèjì, ó sì tọ́ wọn. Ọmọ tí ń ta géèmù lónìí ní Ìkẹ́nnẹ́ ń gbé láàárín àwọn méjèèjì, bóyá ó mọ̀ bóyá kò mọ̀.

Ohun tí ó yani lẹ́nu jù lọ nínú ìtàn ọdẹ Fágúnwà ni ẹni tí ìyá ọdẹ náà jẹ́. Àkàrà-ògùn fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé àjẹ́ ni ìyá òun, àti pé baba òun tí í ṣe ọdẹ ni ó yin ìbọn fún un nígbà tí ó wà ní àwọ̀ ẹran. Nítorí náà ọdẹ tí ń bá ibi jà jẹ́ ọmọ ọdẹ àti ọmọ ẹni tí ọdẹ pa. Kí a wá wo Castlevania. Nínú èyí tí ó jáde ní ọdún 1997, tí a gbé wọ ẹ̀rọ àfọwọ́mú PSP ní 2007, tí ó sì wọ tẹlifóònù ní 2020, Alucard ni ọmọ tí ń jà, ọmọ bíbí inú Dracula fúnra rẹ̀. Ènìyàn ni ìyá rẹ̀, Lisa ni orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ tí Lisa ń ṣe ni kí ó máa po oògùn fún àwọn aláìsàn. Àwọn aráàlú ní àjẹ́ ni. Wọ́n pa á lójú ọmọ rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ tí ó bẹ ọmọ náà kí ó tó kú ni pé kí ó má kórìíra ènìyàn. Ọkọ rẹ̀ kò gbọ́ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀, inú ikú yìí ni ogun rẹ̀ sí ọmọ aráyé ti le sí i.

Ẹni tí ó bá ń pa òkú amùjẹ̀ lójú ẹ̀rọ láti àárọ̀ di alẹ́ lè fo ibẹ̀ dá. Kò yẹ kí olùkọ́ jẹ́ kí ó fò ó, nítorí pé kì í ṣe àròsọ nìkan. Ní ọdún 1725, ní abúlé kan ní ilẹ̀ Sérbíà tí ó wà lábẹ́ ìjọba Ọ́stríà nígbà náà, àwọn ènìyàn kú léraléra láàárín ọjọ́ díẹ̀. Wọ́n ní Petar Blagojević tí ó ti kú ṣáájú ni ó ń padà wá. Wọ́n hú òkú rẹ̀, wọ́n fi igi ṣóńṣó gún un láyà, wọ́n sì dáná sun ún. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ibòmíràn, títí Ọbabìnrin Maria Theresa fi rán oníṣègùn rẹ̀, Gerard van Swieten, ní ọdún 1755 pé kí ó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Oníṣègùn náà kò rí amùjẹ̀ kankan. Ọbabìnrin fi òfin de híhú òkú. Ìgbà tí ó pẹ́ lẹ́yìn náà, tí ẹ̀rù ti kúrò nílẹ̀, ni Bram Stoker tó sọ ọ́ di ìtàn àkàgbádùn ní ọdún 1897.

Ọdún 1897 náà ni Ronald Ross, oníṣègùn Gẹ̀ẹ́sì kan ní ilẹ̀ Íńdíà, rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn. Ọdún kan ṣoṣo ni ayé rí Dracula lórí ìwé tí ó sì rí amùjẹ̀ gidi lábẹ́ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ìran Yorùbá ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé àjẹ́ a máa mu ẹ̀jẹ̀ láìsí ojú ọgbẹ́. Ẹni tí ó bá ti rí ọmọ ọwọ́ tí ibà ńlá mú, tí àtẹ́lẹwọ́ àti ìpéǹpéjú rẹ̀ funfun, tí ó ń mí gúlegúle, yóò mọ̀ pé àwọn àgbà kò purọ́ nípa ohun tí wọ́n rí. Kòkòrò ibà a máa ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́ nínú iṣan. Ẹ̀jẹ̀ ń tán lóòótọ́, kò sì sí ibi tí ó gbà jáde. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde náà a máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n rí tọ̀nà. Ẹni tí wọ́n di ẹ̀bi rù ni kò tọ̀nà.

Níbí ni ọ̀nà eré àti ti ayé ti yà. Dracula ní eyín, ó ní aṣọ ìlékè dúdú, ó ní ilé olódi. Ọdẹ kò lè ṣì í mọ̀. Àjẹ́ kò ní àmì kankan. Àwọn àgbà wí pé, “Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ?” Òwe tí ó dùn létí ni, ṣùgbọ́n bí a bá gbé e lọ sí ilé ẹjọ́, kò sí ẹ̀rí nínú rẹ̀. Ẹyẹ ni ó ké. Ìyá arúgbó tí ó ń dá gbé lẹ́yìnkùlé, tí ó bú ọmọ náà ní ìjẹta nítorí pé ó da omi rẹ̀ nù, ni gbogbo ojú yóò yí sí.

Ìdọdẹ báyìí wáyé ní ìpínlẹ̀ Ògùn yìí kan náà. Ní ìparí ọdún 1950, àwọn ẹlẹ́sìn kan tí à ń pè ní Alátíńgà, tí ẹ̀sìn wọn ti ilẹ̀ Gold Coast (Gánà òní) gba Dàhómì wá, wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbádò tí à ń pè ní Yewa lónìí. Àwọn ọ̀dọ́ ni ó ń yọ̀ mọ́ wọn jù. Wọ́n ń lùlù, wọ́n ń jó, wọ́n sì ń na ìka sí àwọn ìyá àgbà pé àjẹ́ ni wọ́n. Ẹni tí a bá na ìka sí gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́, kí ó sanwó, kí ó sì mu oògùn wọn. Bí ó bá sẹ́, a ó pa adìẹ, ọ̀nà tí adìẹ gbà kú ni a ó fi dájọ́. Ojúbọ òrìṣà púpọ̀ ni wọ́n wó. Ìjọba fi òfin de ẹgbẹ́ náà ní ọdún 1951, ọ̀mọ̀wé Peter Morton-Williams sì tẹ ìwádìí rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà jáde ní 1956. Kò sí pàṣán nínú ọ̀rọ̀ Àtíńgà, kò sì sí ilé olódi. Adìẹ àti ìyá ẹni ni ó wà níbẹ̀.

Ó sì jẹ́ ohun ìyanu, nítorí pé àṣà àwọn ará Ẹ̀gbádò gan-an kò kọ́ wọn láti dọdẹ àwọn ìyá. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni àṣà wọn, wọ́n sì ń ṣe é di òní: ọkùnrin gbé agọ̀ obìnrin wọ̀, ó jó, ó fi orin yin àwọn ìyá kí inú wọn lè rọ̀. Àjọ UNESCO ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ àwọn ohun iyebíye ayé ní ọdún 2001. Ẹni tí agbára rẹ̀ ń bani lẹ́rù, à á gé e ní òṣùbà ni. A kì í na ìka sí i. Rẹ́mọ kò ní Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bí ti àwọn wọ̀nyí. Orò ni ìlú ń gbé jáde láti lé ibi lọ, àwọn obìnrin a sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ra. Kò sí ẹni tí a dárúkọ nínú òkùnkùn náà, èyí sì sàn ju Àtíńgà lọ. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a ṣe bí ẹni pé a kò rí i pé obìnrin náà ni ó wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn.

Òfin ìwà ọ̀daràn ilẹ̀ Nàìjíríà, ní abala 210, sọ ọ́ ní gbangba pé ẹni tí ó bá pe ẹlòmíràn ní àjẹ́, tàbí tí ó halẹ̀ pé òun yóò pè é bẹ́ẹ̀, lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 2 jura. Ẹni tí ó pe ara rẹ̀ ní àjẹ́ kò bọ́ lọ́wọ́ òfin kan náà. Mélòó ni ó mọ̀ nínú àwọn tí ń lé ìyá kúrò nínú ilé tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́?

Géèmù ti ọdún 2003, èyí tí a pe àkọlé rẹ̀ ní *Aria of Sorrow*, kò ní ọdẹ Belmont gẹ́gẹ́ bí olórí eré. Soma Cruz, akẹ́kọ̀ọ́ kan, ni ó bá ara rẹ̀ nínú ilé olódi ní ọdún 2035, ó sì ń jà kiri kí ó tó yé e pé òun gan-an ni Dracula tún yà sí. Ìran tí ń sọ ọmọ ní Babátúndé yóò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti wúwo tó. Soma bẹ Julius Belmont pé bí ibi bá borí òun, kí ó jọ̀wọ́ pa òun. Òpin eré náà ju ẹyọ kan lọ. Bí agbára ẹni tí ń ta á kò bá tó láti ṣẹ́gun ọ̀tá ìkẹyìn, ìlẹ̀kùn gbọ̀ngàn a ṣí, Julius a sì wọlé pẹ̀lú pàṣán àwọn baba rẹ̀ lọ́wọ́. Ọmọ tí ó mọ̀ ni ó jókòó sórí ìtẹ́.