Nígbà tí Ọdẹ bá Ṣílẹ̀kùn fún Olè

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti bi mí léèrè, ní ọjà àti ní yàrá àwa olùkọ́, bóyá òótọ́ ni pé ohun tí abẹ́rẹ́ àjẹsára ń fi sínú ẹ̀jẹ̀ lè yí padà, kí ó sì máa ran àrùn Kòrónà lọ́wọ́. Àwọn kan ti tìtorí ọ̀rọ̀ yìí kọ abẹ́rẹ́ fún ọmọ wọn, àní abẹ́rẹ́ èéyi tí kò bá ọ̀ràn náà tan rárá. Ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀rọ̀ náà kò ṣàìní ìdí, ṣùgbọ́n àwọn tí ń gbé e kiri ti fi orí rẹ̀ sí ibi ìrù.

Nígbà tí kòkòrò àrùn bá wọ ara ènìyàn, ara a máa pèsè ohun kékeré kan sínú ẹ̀jẹ̀ tí àwọn dókítà ń pè ní áńtíbọ́dì. Èmi yóò máa pè é ní ọdẹ, nítorí pé iṣẹ́ àwọn ọdẹ tí ń ṣọ́ ọjà wa lóru ni ó ń ṣe. Olè kan ni ọdẹ kọ̀ọ̀kan dá mọ̀. Bí olè náà bá dé, yóò dì mọ́ ọn kí ó má lè ráyè wọlé, yóò sì fà á lé àwọn sẹ́ẹ̀lì ajẹkòkòrò lọ́wọ́, tí yóò gbé e mì, tí yóò sì pa á. Abẹ́rẹ́ àjẹsára kò ju pé ó fi àwòrán olè han ọdẹ ṣáájú ọjọ́ tí olè yóò wá.

Bí ọdẹ bá ká olè lápá lẹ́sẹ̀, ọ̀ràn bùṣe. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ etí aṣọ lásán ni ó dì mú, yóò mú olè náà wọ inú sẹ́ẹ̀lì ajẹkòkòrò láàyè. Kòkòrò kan sì wà tí ó jẹ́ pé inú sẹ́ẹ̀lì yẹn gan-an ni ó ń wá láti máa bí sí i.

Ibà dengue, tí ẹ̀fọn ń gbé kiri, ni ó fi èyí hàn jù lọ. Oríṣi mẹ́rin ni kòkòrò rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1960, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Scott Halstead, ń ṣiṣẹ́ ní Bangkok ní ilẹ̀ Thailand. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ tí ibà náà ń bá jà gidigidi kì í sábà jẹ́ àwọn tí ó ń ṣe fún ìgbà àkọ́kọ́. Àwọn tí oríṣi kan ti ṣe rí, tí oríṣi mìíràn wá bá, ni. Àfi àwọn ọmọ ọwọ́ kan, tí ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tiwọn, tí ó sì le koko. Kí ni ó fà á? Ọdẹ ìyá wọn ni ó wà lára wọn láti inú oyún, ó sì ti dín kù débi pé kò lè borí olè mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì lè dì mọ́ ọn. Nígbà tí mo ka èyí, mo pa ìwé dé, mo jókòó jẹ́ẹ́.

Ní 2016, ìjọba ilẹ̀ Philippines bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ní abẹ́rẹ́ dengue tuntun; àwọn tí ó gbà á lé ní 800,000. Ní oṣù kọkànlá 2017, ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é kéde pé ọmọ tí dengue kò ṣe rí, bí ó bá gbà á, tí ibà náà wá ṣe é lẹ́yìn náà, ó lè le jù fún un. Wọ́n dá a dúró. Ìbínú àwọn òbí tọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n gbé ìbínú náà lé gbogbo abẹ́rẹ́ lórí, èyí sì wà lára ohun tí ó jẹ́ kí èéyi jà ní ilẹ̀ náà ní 2019, tí ó sì pa ọ̀pọ̀ ọmọ. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń bi mí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà.

Kòrónà ńkọ́? Ìdílé ńlá ni ìdílé Kòrónà. Àwọn ológbò ní tiwọn, tí kì í ran ènìyàn. Èyí tí ń pa wọ́n a máa bí sí i nínú sẹ́ẹ̀lì ajẹkòkòrò, omi a sì kún ikùn ẹran náà. Nínú ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 1990, wọ́n fún àwọn ọmọ ológbò ní abẹ́rẹ́ tí a retí pé yóò dáàbò bò wọ́n. Nígbà tí wọ́n kó àrùn náà ràn wọ́n, àwọn tí ó gba abẹ́rẹ́ ni ó tètè kú. Ìdí rèé tí àwọn onímọ̀ fi ṣọ́ abẹ́rẹ́ Kòrónà ti ènìyàn lójú méjèèjì ní 2020. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù kò ṣẹlẹ̀. N kò sọ pé abẹ́rẹ́ kan wà tí kò ní ewu kankan. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé Nàìjíríà ní oṣù kẹta 2021 àti lẹ́yìn rẹ̀, àìmọye ènìyàn ni ó gbà á káàkiri ayé, àwọn tí àrùn náà sì tún mú nínú wọn, tiwọn sábà máa ń fúyẹ́ ju ti ẹni tí kò gbà á lọ. Kòrónà tiwa kì í lè bí dáadáa nínú sẹ́ẹ̀lì ajẹkòkòrò. Imú, ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró ni ó ń wá.

Ọdẹ burúkú wà nínú ọ̀ràn Kòrónà o, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kọ́ ni ó bí i. Ara wa ní agogo kan tí ń dún bí kòkòrò bá ti wọlé. Interferon ni wọ́n ń pè é. Ọdẹ àwọn ènìyàn kan ṣi agogo yìí mú pè ní olè, wọn kì í sì í jẹ́ kí ó dún. Ní 2020, Jean-Laurent Casanova àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn 987 wò, tí Kòrónà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa tàbí tí ó pa. Wọ́n bá irú ọdẹ yìí lára 101, ọkùnrin sì ni 95 nínú wọn. Wọ́n yẹ 663 tí àrùn náà ṣe fẹ́ẹ́rẹ́ wò, wọn kò bá a lára ẹnìkan ṣoṣo. Ó ń pọ̀ sí i lára àwọn tí ó ti lé ní 70 ọdún. Bàbá tí ara rẹ̀ le, tí ó kú láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀, tí ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n jọ kó o sì kàn wúkọ́ lásán, ó ṣeé ṣe kí èyí jẹ́ ìdí rẹ̀. Ẹni tí ó ní irú ọdẹ bẹ́ẹ̀ kì í mọ̀. Lójú tèmi, irú wọn gan-an ni abẹ́rẹ́ yẹ jù, kí ọdẹ gidi ti dúró lẹ́nu ọ̀nà kí olè tó dé, nítorí agogo tiwọn kò ní dún.