Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Ehoro Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ti Iṣẹ́ Abẹ Dé



Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí lè kọ́kọ́ pa àwọn kan lẹ́rìn-ín. Nílé, ehoro tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ ni èyí tí wọ́n ń sìn nínú àgò lẹ́yìnkùlé tàbí ní oko ilé-ìwé, inú ìkòkò ọbẹ̀ ló sì máa ń gbẹ̀yìn sí. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, inú yàrá ọmọ ni ehoro ń gbé. Ó lórúkọ. Ọmọ tó bá ti ilé-ìwé dé, òun ló kọ́kọ́ ń lọ wò kó tó bọ́ bàtà. Nígbà tó bá wá yá, dókítà ẹran á ní kí ẹ jẹ́ kí òun tẹ ehoro náà lọ́dàá, tàbí kí òun yọ ilé ọmọ rẹ̀ tó bá jẹ́ abo. Àwọn òbí ń bi wá pé, ṣé dandan ni? Tí wọ́n bá sì ṣe é tán, báwo la ó ṣe tọ́jú rẹ̀ nílé?

A kì í ṣe dókítà ẹran o. Ohun tí dókítà yín bá sọ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà tó yẹ kí gbogbo ilé mọ̀ kí ọjọ́ náà tó pé.

ÌDÍ TÍ WỌ́N FI Ń ṢE É

Àkọ́kọ́ ni ọmọ bíbí. Oyún ehoro kì í ju nǹkan bí ọjọ́ 31 lọ, abo sì lè tún lóyún lọ́jọ́ kan náà tó bímọ. Ẹni tó ra akọ kan àti abo kan lónìí, ilé rẹ̀ lè kún fọ́fọ́ kí ọdún tó yí po.

Ìkejì ni àìsàn. Jẹjẹrẹ ilé ọmọ wọ́pọ̀ gan-an lára abo ehoro tí wọn kò ṣe iṣẹ́ abẹ yìí fún, pàápàá tí ọjọ́ orí rẹ̀ bá ti kọjá ọdún 3 sí 4.

Ìkẹta ni ìwà. Ehoro kì í fẹ́ dá gbé, ó fẹ́ ẹnìkejì. Ṣùgbọ́n méjì tí wọn kò tíì ṣe é fún lè bá ara wọn jà títí ẹ̀jẹ̀ á fi jáde, akọ á sì máa tọ̀ káàkiri ilé.

Iṣẹ́ ti akọ kéré: kórópọ̀n rẹ̀ méjèèjì ni wọ́n ń yọ. Ti abo jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí wọ́n á la ikùn rẹ̀ kí wọ́n tó yọ ilé ọmọ àti ilé ẹyin. Nítorí náà, akọ sábà máa ń gbádùn láàárín ọjọ́ díẹ̀, abo lè gbà tó ọjọ́ 7 sí 10.

IBI TÍ EWU WÀ

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé tí dókítà bá ti ní "ó ti parí, ó lọ dáadáa," ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Ó tì o. Iṣẹ́ abẹ lè lọ dáadáa lọ́sàn-án, kí ehoro sì kú lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì nítorí pé kò jẹun.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ìfun ehoro kò gbọ́dọ̀ dúró. Tọ̀sán tòru ló ń ṣiṣẹ́, koríko ló sì ń tì í lọ. Ìrora, ẹ̀rù, àti oògùn tí wọ́n fi kùn ún lóorun máa ń dá iṣẹ́ ìfun dúró. Tí ìfun bá ti fà sẹ́yìn, oúnjẹ kò ní wù ú jẹ mọ́. Bí kò ṣe jẹun, bẹ́ẹ̀ ni ìfun á túbọ̀ máa dákẹ́, atẹ́gùn á kún inú rẹ̀, ìrora á sì pọ̀ sí i.

Èyí tó tún burú ni pé ehoro kì í ké bí ajá. Ẹran tí àwọn ẹran mìíràn ń pa jẹ nínú igbó ni, ó sì mọ̀ pé ẹni tó bá fi àìlera hàn ni wọn yóò kọ́kọ́ mú. Nítorí náà, ó máa ń fi ìrora pamọ́. Ẹ óò rí i tó jókòó jẹ́ẹ́ sí kọ̀rọ̀, ẹ óò sì sọ pé, "Ẹ jẹ́ ó sinmi." Ó sì lè jẹ́ pé kò sinmi rárá.

Àwa tí a kọ́ iṣẹ́ ìṣirò owó mọ̀ pé ojú ẹni kọ́ la fi ń mọ̀ bóyá ọjà rẹ̀ ń lọ. Ìwé la ń wò: èló ló wọlé, èló ló jáde? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kí ẹ ṣe fún ehoro. Ẹ ka ohun tó wọ ẹnu rẹ̀, ẹ ka ohun tó jáde nídìí rẹ̀.

KÍ Ẹ TÓ GBÉ E LỌ

1. Ẹ má fi ebi pa á. Wọ́n máa ń ní kí ajá àti ológbò má jẹun kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ, kí wọ́n má bàa bì. Ehoro kò lè bì. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ koríko rẹ̀ títí ẹ ó fi jáde nílé, kí ẹ sì di oúnjẹ tó mọ̀ dání fún un. Tí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ má fún un lóúnjẹ, ẹ rọra béèrè pé, "Ṣé ti ehoro lẹ ń sọ?"

2. Tó bá ní ẹnìkejì, ẹ béèrè bóyá àwọn méjèèjì lè jọ lọ. Òórùn ilé ìwòsàn tó bá wà lára ọ̀kan lè mú kí èkejì bá a jà tó bá padà dé.

3. Ẹ tọ́jú ibi tí yóò sùn sílẹ̀, nínú ilé, kódà bó bá jẹ́ ìta ló ń gbé tẹ́lẹ̀. Ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn, kí ẹ tẹ́ aṣọ ìnura tó mọ́ lé e lórí. Ẹ má lo lẹ́búlẹ́bú pákó, torí ó máa ń lẹ̀ mọ́ ojú ọgbẹ́.

4. Kí ẹ tó gbé e kúrò lọ́dọ̀ dókítà, ẹ béèrè nǹkan wọ̀nyí: Ṣé ó ti jẹun? Ṣé ó ti yàgbẹ́? Oògùn ìrora wo ni yóò máa lò, báwo, fún ọjọ́ mélòó? Ṣé òwú tí wọ́n fi rán an á yọ́ fúnra rẹ̀, àbí a ó padà wá tú u? Nọ́ńbà wo la ó pè lóru? Tí Gẹ̀ẹ́sì wọn bá yára jù, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

ALẸ́ ÀKỌ́KỌ́

Ẹ gbé e sí ibi tó dákẹ́, tó jìnnà sí tẹlifíṣọ̀n, ajá àti ológbò. Kí yàrá náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, torí oògùn oorun máa ń mú kí ara tutù. Tí ẹ bá fẹ́ lo ìgò omi gbígbóná, ẹ fi aṣọ wé e dáadáa, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ tí ehoro lè sún sí tí ooru bá pọ̀ jù. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ máa gbé e sókè.

Ẹ kó koríko gbígbẹ tó pọ̀ síwájú rẹ̀, pẹ̀lú omi. Ewé tútù tó ní òórùn dídùn, bíi parsley àti coriander, máa ń ṣí ọ̀nà ọ̀fun. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa fún un, kì í ṣe òkìtì. Tí dókítà bá fún yín ní oúnjẹ lúbúlúbú tí ẹ ó pò mọ́ omi, inú síríǹjì tí kò ní abẹ́rẹ́ ni kí ẹ fi sí. Ẹ fi ẹnu síríǹjì sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀, kí ẹ máa tì í ní kékeré, kó máa gbé e mì. Ẹ má dá a délẹ̀ o. Ó lè gba ibi tí kò yẹ lọ.

Oògùn ìrora tí dókítà fún yín, ẹ lò ó pé, kódà tí ara rẹ̀ bá ti ń yá. Ara tó ń ro ehoro ni kì í jẹ́ kó jẹun. Ṣùgbọ́n ẹ má fún un ní Panadol tàbí oògùn ara ríro tí àwa èèyàn ń lò, ẹ má sì fún un ní àgbo.

ÌWÉ KÉKERÉ

Ẹ fa ìlà sínú ìwé kan: aago, ohun tó jẹ, ìgbẹ́, oògùn. Ọmọ tó lè kàwé lè ṣe iṣẹ́ yìí, inú rẹ̀ á sì dùn sí i. Bó ṣe lè rí nìyí:

Aago 6 ìrọ̀lẹ́: ewé parsley 2. Kò tíì yàgbẹ́.
Aago 9 alẹ́: ó jẹ koríko díẹ̀. Ìgbẹ́ 3, kéékèèké.
Aago 7 òwúrọ̀: koríko ti dín kù dáadáa. Ìgbẹ́ bí 20. A fún un ní oògùn.

Tí ìgbẹ́ bá kéré lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò burú, kó ṣáà máa jáde. Ohun tí ẹ fẹ́ rí ni kí iye náà máa lọ sókè, kí hóró rẹ̀ sì máa tóbi sí i.

Ẹ tún mọ èyí: oríṣi ìgbẹ́ méjì ni ehoro ń yà. Èyí tó le, tó rí róbótó, lẹ óò máa kà. Èkejì rọ̀, ó dì pọ̀, ehoro sì máa ń fi ẹnu gbà á nídìí ara rẹ̀, á jẹ ẹ́. Ẹ má jẹ́ kó rí yín lára. Oúnjẹ tó ń fún un lókun ni. Ìdí nìyí tí ike tí wọ́n ń fi yí ọrùn ajá ká kì í fi í sábà bá ehoro mu. Kò ní lè dé ìdí rẹ̀, jíjẹun sì lè di ìṣòro fún un.

OJÚ ỌGBẸ́

Ẹ máa wò ó lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ó lè pọ́n díẹ̀, ibi kórópọ̀n akọ sì lè wú díẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ tó ń jò, ọyún, òórùn, wíwú tó ń pọ̀ sí i, tàbí pé ó ti fi eyín tú òwú, ẹ pe dókítà. Ẹ má fi òrí, àdín tàbí oògùn apakòkòrò tí a fi ń fọ ọgbẹ́ ọmọ ra á. Ohun tí ẹ bá fi síbẹ̀, yóò lá a ni. Nígbà ooru, ẹ máa yẹ ìdí rẹ̀ wò dáadáa, torí eṣinṣin lè yé ẹyin síbẹ̀, ìdin á sì máa jẹ ẹ́ láàyè.

Ẹ má jẹ́ kó máa fò sókè títí dókítà á fi gbà. Ọ̀rọ̀ kan tí ọ̀pọ̀ kì í mọ̀: akọ tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá lónìí ṣì lè fún abo lóyún fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ títí ìgbà náà á fi kọjá.

ÌGBÀ TÍ Ẹ Ó PE DÓKÍTÀ

Tí ó bá di wákàtí 12 tí kò jẹ nǹkan kan, tàbí tí kò yàgbẹ́ rárá, ẹ pe dókítà, ìbáà jẹ́ òru. Ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́. Ẹ pè é kíákíá tí ehoro bá ká ara jọ tó di ojú pọ̀, tó ń payín keke kíkan, tó ń fi ikùn tẹ ilẹ̀, tí etí rẹ̀ tutù tí kò sì lókun, tàbí tí mímí rẹ̀ kò já geere. Ìlànà iṣẹ́ dókítà ẹran ní Britain ni pé kí ètò wà fún pàjáwìrì tọ̀sán tòru. Ẹ mú ìwé kékeré yẹn dání, kí ẹ kà á fún wọn: ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, aago tó jẹun kẹ́yìn, aago tó yàgbẹ́ kẹ́yìn, oògùn tó lò. Ẹni tó ní iye lọ́wọ́, wọ́n á tètè gbọ́ tirẹ̀.

Ọ̀RỌ̀ OWÓ

Kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ ní kí wọ́n kọ gbogbo iye owó sílẹ̀. Ṣé oògùn tí a ó mú relé wà nínú rẹ̀? Ṣé àyẹ̀wò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ wà níbẹ̀? Èló ni tí a bá wá lóru? Owó òru sábà máa ń ju ti ọ̀sán lọ, ẹ tọ́jú nǹkan sílẹ̀ dè é. Ìdílé méjì mẹ́ta tó ní ẹran ọ̀sìn lè dá àjọ kékeré fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ mọ̀ pé adójútòfò ẹran ọ̀sìn kì í sábà san owó iṣẹ́ abẹ yìí, torí pé ohun tí a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ni, kì í ṣe àìsàn. Tí ẹ bá ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba, ẹ béèrè lọ́wọ́ PDSA, tó ti wà láti ọdún 1917, lọ́wọ́ Blue Cross tàbí RSPCA, bóyá wọ́n lè ràn yín lọ́wọ́ ní àdúgbò yín.

TA NI Ó NI Í?

Ọmọ lè ní, "Èmi ni mo ni ehoro mi." Ṣùgbọ́n ní England àti Wales, òfin ìtọ́jú ẹranko ti ọdún 2006 sọ pé tí ọmọ kò bá tíì pé ọdún 16, àgbà tó ń tọ́jú ọmọ náà ni ẹran náà wà lọ́rùn rẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ ìwé, kó sì fún un ní ewé, ṣùgbọ́n òbí ni kó fún un ní oògùn, òbí ni kó jí wò ó lóru, òbí ni kó gbé fóònù. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kò gbọ́dọ̀ dá ẹrù ikú àti ìyè rù.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Tí ẹnikẹ́ni bá ń bẹ̀rù láti bá ilé ìwòsàn ẹran sọ̀rọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ wá bá wa kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé, a ó jọ kọ ìbéèrè yín sílẹ̀, a ó sì jókòó tì yín nígbà tí ẹ bá ń pè wọ́n.

Ẹ kú ìtọ́jú o. Ọlọ́run á jẹ́ kó jẹun.