"Ìyá Ẹ!": Èébú àti Ìṣẹ́jú-àáyá Díẹ̀ nínú Eré Richard Pryor ní Alẹ́ Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, 1975

Ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 13, oṣù Kejìlá, ọdún 1975, Richard Pryor, aláwàdà aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, ni àlejò àgbà nínú eré àwàdà tí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n NBC ń gbé jáde ní tààràtà láti ìlú New York. Eré keje nìyẹn láti ìgbà tí ètò náà ti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹwàá ọdún kan náà. Saturday Night ni wọ́n ń pè é nígbà náà. Ó di ọdún 1977 kí ó tó máa jẹ́ Saturday Night Live, nítorí pé ilé-iṣẹ́ mìíràn ti kọ́kọ́ fi orúkọ náà sọ ètò tirẹ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ ti kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nípa alẹ́ yìí pọ̀, eré kékeré kan ṣoṣo tí Pryor àti Chevy Chase jọ ṣe ni ó sì máa ń gba gbogbo àfiyèsí wọn. Ohun tí a fẹ́ tọ́ka sí nínú iṣẹ́ yìí ni nǹkan tí etí Yorùbá yóò tètè gbọ́ bí ènìyàn bá wo gbogbo eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nínú eré mẹ́ta tí kò bá ara wọn tan rárá, ìyá ènìyàn ni wọ́n bú, ibi tí wọ́n ti bú ìyá náà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan eré náà sì ti yí padà.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣàlàyé irú ètò tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Aago 11:30 alẹ́ ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń gba 90 ìṣẹ́jú. Ṣítúdíò 8H ní Rockefeller Center ni wọ́n ti ń ṣe é, gbọ̀ngàn kan tí wọ́n kọ́ fún rédíò, níbi tí Toscanini ti darí ẹgbẹ́ olórin ńlá ti NBC láyé àtijọ́. Eré kéékèèké ni wọ́n ń tò tẹ̀lé ara wọn, orin sì máa ń wà láàárín. Nígbà tí ìpolówó ọjà bá ń lọ lọ́wọ́, àwọn òṣìṣẹ́ á máa sáré gbé àga, ògiri àti ilẹ̀kùn eré tó parí kúrò, wọn á gbé ti èyí tó kàn wọlé. Àwọn òǹwòran wà níbẹ̀ tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, tàbí tí wọn kò rẹ́rìn-ín, èyí tí ó burú jù lójú aláwàdà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò pé eré tí a ń gbé jáde ní tààràtà jẹ́ eré tí òṣèré ń dá sọ láti inú ara rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ níhìn-ín. Àwọn òǹkọ̀wé ti kọ gbogbo rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, wọ́n sì ti kọ ọ̀rọ̀ òṣèré sórí káàdì gbàǹgbà-gbàǹgbà tí ẹnìkan ń gbé dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà. Bí a bá fi wé àwọn ẹgbẹ́ eré arìnrìn-àjò tiwa, irú ẹgbẹ́ Aláwàdà ti Moses Ọláìyá, a ó rí i pé òdì-kejì ara wọn ni wọ́n. Òṣèré tiwa mọ ọ̀nà tí ìtàn ń gbà, ṣùgbọ́n orí ìtàgé ni ó ti ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò sọ. Ti New York, ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀. Àkókò ni kò ṣe é gbà padà. Ohun tí ó bá bọ́ lẹ́nu ti dé ilé àwọn ènìyàn.

Èyí gan-an ni ó ń ba àwọn aláṣẹ NBC lẹ́rù nípa Pryor. Ní ọdún 1975, kò sí aláwàdà kan ní Amẹ́ríkà tí ẹnu rẹ̀ mú tó tirẹ̀, àlùfànṣá kì í sì í wọ́n nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Lorne Michaels, olóòtú ètò náà, fi iṣẹ́ rẹ̀ dúró pé dandan ni kí Pryor wá. Ibi tí wọ́n fi àdéhùn sí ni pé wọ́n á dá àwòrán àti ohùn dúró lórí téèpù fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ kí ó tó jáde sí afẹ́fẹ́, kí ẹnìkan lè rí àyè gé ọ̀rọ̀ tí kò bá yẹ. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn. Ẹ̀rọ yìí ni NBC fi fẹ́ gba ẹyin náà kí ó tó balẹ̀. Wọn kò ṣe irú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni nínú eré mẹ́fà tí ó ṣáájú. George Carlin wà lára àwọn àlejò eré wọ̀nyẹn, ẹni tí ó gbajúmọ̀ ní Amẹ́ríkà nítorí àwàdà tí ó fi àwọn ọ̀rọ̀ tí a kì í sọ lórí tẹlifíṣọ̀n ṣe. Aláwọ̀ funfun ni Carlin.

Ọ̀rọ̀-fa-ọ̀rọ̀

Pryor kò wá lóun nìkan. Ó mú òǹkọ̀wé tirẹ̀ wá, Paul Mooney. Ó sì mú òṣèré Thalmus Rasulala àti akéwì olórin Gil Scott-Heron wá pẹ̀lú. Nínú ìwé tí Mooney kọ nípa ìgbésí-ayé ara rẹ̀ ní ọdún 2009, ó ṣàlàyé pé àwọn ènìyàn NBC fi ìbéèrè wá òun lẹ́nu wò kí wọ́n tó gbà kí òun ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ó ní ìbínú ìbéèrè yẹn ni òun gbé sínú eré tí a fẹ́ yẹ̀ wò báyìí.

Ọ̀gbẹ́ni Wilson ni Pryor nínú eré náà. Ó wá iṣẹ́ agbálẹ̀ wá. Chevy Chase ni ọ̀gá tí ó jókòó sí òdì-kejì tábìlì, ó sì fẹ́ fún un ní ìdánwò ìkẹyìn: òun yóò sọ ọ̀rọ̀ kan, kí Wilson sọ ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó bá kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn. Ọ̀rọ̀-fa-ọ̀rọ̀, bí a bá fẹ́ sọ ọ́ ní tiwa. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí kò ní ẹ̀gún: ajá, igi, òjò, yìnyín, funfun, dúdú. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá, láìyí ohùn padà, láìgbé ojú kúrò nínú ìwé rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn orúkọ tí àwọn aláwọ̀ funfun fi ń gan àwọn aláwọ̀ dúdú. Wilson kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa. Ó béèrè ohun tí ọ̀gá wí. Ọ̀gá tún un sọ. Wilson wá fi orúkọ tí wọ́n fi ń gan aláwọ̀ funfun dá a lóhùn.

Ohun kan wà níbí tí àwọn alárìíwísí kì í dúró lé lórí, ṣùgbọ́n tí ó yẹ kí onímọ̀ èdè kíyè sí. Orúkọ ẹ̀gàn tí ọ̀gá ní lápò kò tán. Ó ń yọ ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, kò sì sí èyí tí ó jọra. Ti Wilson kò pẹ́ tí ó fi tán. Orúkọ kan ṣoṣo ni ó wá kù sí i lẹ́nu, ó sì ní láti máa fi ohùn fẹ̀ ẹ́: ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì léra wọn. Nígbà tí ọ̀gá fi dé orúkọ tí ó burú jù nínú gbogbo wọn, Wilson ní láti fi ọ̀rọ̀ "òkú" ṣaájú orúkọ kan náà kí ó tó lè rí ohun tí ó wúwo tó o. Èdè tí àwọn méjèèjì jọ ń sọ kò pín ohun ìjà dọ́gba fún wọn. Ojú Pryor ni ó fi dí àlàfo náà. Iṣan ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, imú rẹ̀ ń sún kì, ìyẹn sì sọ ohun tí ìwé atúmọ̀-èdè kò ní.

Ta ni ẹ̀rọ ìdádúró ń ṣọ́ ní gbogbo àkókò yìí? Pryor ni. Ẹnu ta ni ọ̀rọ̀ tí ó burú jù ti kọ́kọ́ jáde? Ẹnu Chase, láti orí káàdì, nínú eré tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. A kò rò pé ènìyàn lè ṣe àríwísí tí ó mú ju èyí lọ sí ìbẹ̀rù ilé-iṣẹ́ náà.

Ìparí eré náà ni ó kàn wá jù. Ẹ̀rù ti ba ọ̀gá. Ó ní Wilson ti gba iṣẹ́, òun yóò máa san $5,000 fún un. Ìdáhùn Wilson ni èyí tí ọmọ Yorùbá èyíkéyìí tí ó bá ti jà ní pápá ilé-ìwé rí kò nílò ògbufọ̀ fún: "Ìyá ẹ!" Ọ̀gá sún owó sí $7,500. "Ìyá ìyá ẹ!" Bí owó ti ń gòkè ni èébú ń gun ìdílé lọ. Ó di $15,000, ọ̀gá sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má ṣe òun léṣe. Kò ní sí agbálẹ̀ tí owó rẹ̀ tó tirẹ̀ ní gbogbo Amẹ́ríkà.

Èébú tí kò ní ọ̀rọ̀-ìṣe

Ẹ jẹ́ kí a wo gbólóhùn yìí dáadáa. "Ìyá" kì í ṣe àlùfànṣá. "Ẹ" kì í ṣe àlùfànṣá. Àpólà orúkọ lásán ni, kò ní ọ̀rọ̀-ìṣe, kò sọ ohun tí ìyá náà ṣe tàbí ohun tí ó yẹ kí wọ́n fi ṣe é. Ẹni tí a sọ ọ́ sí ni ó ń fi ọkàn ara rẹ̀ parí rẹ̀, ìdí sì nìyí tí ó fi máa ń dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni ó rí nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, níbi tí ó ti wá láti inú eré èébú àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń pè ní the dozens. A kò sọ pé láti ilẹ̀ Yorùbá ni eré náà ti lọ. Ohun tí a ń sọ ni pé gbólóhùn náà ń ṣiṣẹ́ bákan náà, àti pé kò sí ohun tí ẹni tí ó di ẹ̀rọ ìdádúró mú lè gé níbẹ̀.

Ọ̀wọ̀ tún wà níbẹ̀. Láàárín wa, ẹgbẹ́ ni ó ń sọ "ìyá ẹ" sí ẹgbẹ́. Ọmọ kékeré kò gbọdọ̀ sọ ọ́ sí àgbà, oníṣẹ́ kò gbọdọ̀ sọ ọ́ sí ọ̀gá. Bí ó bá sọ ọ́, ó ti fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ eré ni Chase ti ń pe Pryor ní "Ọ̀gbẹ́ni Wilson", pẹ̀lú ohùn ẹni tí ó ń ṣojú àánú sí ènìyàn tálákà. Orúkọ kan náà ni ó ń pè é nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ni ó ti wà nídìí rẹ̀. Láti ìgbà tí Wilson ti bú ìyá ọ̀gá ni wọ́n ti di ẹgbẹ́.

Ní Kétu àti ní ilẹ̀ Yewa, ẹ̀fẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dé náà máa ń jáde ní alẹ́ láti fi ọ̀rọ̀ na àwọn tí ó bá hùwà ìbàjẹ́, ọba àti ìjòyè kò sì yọ sílẹ̀. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ó ní láti júbà àwọn ìyá. Ọ̀dọ̀ àwọn ìyá ni àṣẹ àtisọ̀rọ̀ ti ń wá, ìdènà ẹnu ẹlẹ́fẹ̀ sì wà nínú ìjúbà náà, kí ó tó la ẹnu rárá. Ti NBC, ẹ̀yìn tí ọ̀rọ̀ bá ti jáde ni wọ́n ń wá ọ̀nà àtidí i.

Idà, àǹjọ̀nú àti fíríìjì

Alẹ́ yìí kan náà ni John Belushi kọ́kọ́ ṣe samurai tí ó wá sọ ọ́ di olókìkí. Òṣìṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì ni níbẹ̀, Pryor sì jẹ́ samurai kejì. Àwọn méjèèjì ń fi èdè tí wọ́n ṣe bí èdè Japan pariwo mọ́ra wọn lórí ẹni tí yóò gbé ẹrù àlejò, wọ́n ń fi idà halẹ̀. Belushi bú ìyá Pryor, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ àwọn ará Japan tí ó lẹ̀ mọ́ ọn nídìí. Pryor fi idà gé tábìlì hòtẹ́ẹ̀lì sí méjì. Belushi wò ó, ó sì wá fi èdè Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara sọ pé ohun tí ń dun Pryor yé òun. Ẹ̀rín eré náà wà nínú pé ọ̀rọ̀ ìyá nìkan ni ó yé wọn láàárín gbogbo ariwo yẹn. Ṣùgbọ́n fífi èdè àwọn ará Japan ṣe yẹ̀yẹ́ báyìí kò dùn ún gbọ́ létí òde-òní, pàápàá ní alẹ́ tí orúkọ ẹ̀gàn jẹ́ ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀.

Eré kẹta fi fíìmù The Exorcist, ti ọdún 1973, ṣe ẹ̀fẹ̀. Pryor àti Rasulala jẹ́ àlùfáà tí ó wá lé àǹjọ̀nú kúrò lára ọmọbìnrin kan, èyí tí Laraine Newman ṣe. Ó gùn ju bí ó ti yẹ lọ, ọbẹ̀ tí wọ́n ń dà síra wọn lójú kò sì pẹ́ tí ó fi sú ni. Síbẹ̀, àlùfáà tí Pryor ṣe fara da gbogbo rẹ̀ títí àǹjọ̀nú fi kan ìyá rẹ̀. Nígbà náà ni ó dì í mú lọ́rùn.

Èyí tí ó kúrú jù ni a rò pé ó lágbára jù lẹ́yìn ti ọ̀rọ̀-fa-ọ̀rọ̀. Ọlọ́pàá to àwọn afurasí sórí ìlà kí ẹlẹ́rìí lè mú ọ̀daràn nínú wọn. Pryor dúró níbẹ̀, wọ́n ti lù ú bolẹ̀, ó sì wà lórí ìlà kan náà pẹ̀lú sísítà Kátólíìkì kan àti fíríìjì. Kò sí èébú níbẹ̀ rárá. Ẹ̀rín àwọn òǹwòran kọ́kọ́ sọ, lẹ́yìn náà ni ó já.

Ní ọdún 1977, NBC fún Pryor ní ètò tirẹ̀. Wọn kì í gbé èyí jáde ní tààràtà. Wọ́n ń gbà á sílẹ̀ ṣáájú ni, nítorí náà kì í ṣe ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ ni wọ́n ní láti fi ronú mọ́, ọjọ́ gbọọrọ ni. Wọ́n gé ìbẹ̀rẹ̀ eré àkọ́kọ́ kúrò kí ó tó dé ojú afẹ́fẹ́. Ètò náà parí lẹ́yìn ìgbà mẹ́rin.