Ìdádúró Nǹkan Oṣù àti Okun Obìnrin: Bí Orúkọ tí a Fún Àárẹ̀ Ṣe Ń Darí Ìtọ́jú Rẹ̀

Àṣamọ̀

Èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún nǹkan oṣù, ó sì ní gbólóhùn fún obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí tọmọdé tàgbà mọ̀ kò wọ́pọ̀ fún àwọn ọdún tí ó so méjèèjì pọ̀. Nítorí èyí, àwọn àmì tí ó ń yọjú ní àwọn ọdún náà a máa gba orúkọ olórúkọ: ibà, ọ̀lẹ, tàbí iṣẹ́ ayé. Iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara obìnrin ní agbedeméjì ọjọ́ orí, ó fi hàn bí orúkọ tí kò tọ̀nà ṣe ń bí ìtọ́jú tí kò tọ̀nà, ó sì dá àbá lórí bí obìnrin, pàápàá olùkọ́, ṣe lè dáàbò bo okun rẹ̀.

1.0 Ìfáàrà

Bí olùkọ́ obìnrin bá ti lé ní ọmọ ọdún 45, ó ṣeé ṣe kí ó dúró níwájú akẹ́kọ̀ọ́ ní òwúrọ̀ tí oòrùn kò tíì mú, kí ooru ṣàdédé gbéra láti àyà rẹ̀ gun ọrùn àti ojú, kí òógùn bò ó, kí gbogbo ara rẹ̀ sì rọ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ní òru, ooru yìí kan náà lè jí i lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ilẹ̀ bá mọ́, oorun ni yóò máa kùn ún. Ọ̀rọ̀ tí ó ti ń fi kọ́ni láti ogún ọdún lè sọnù mọ́ ọn lẹ́nu. Àwọn tí ó yí i ká yóò ní ibà ni, tàbí kí wọ́n ní iṣẹ́ ti sú u. Òun fúnra rẹ̀ lè máà mọ ohun tí yóò pè é.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé-ìwé gbọ̀ngbọ̀n. Ní ọdún 2022, òfin ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà sún ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì olùkọ́ sí ọdún 65, ó sì sún iye ọdún iṣẹ́ sí 40. Èyí já sí pé obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ dúró ní ọmọ ọdún 50 lè ní ọdún 15 sí i láti lò nídìí iṣẹ́ olùkọ́. Òun kan náà ni ó sábà máa ń jẹ́ ìyá ilé, olùtọ́jú òbí tí ó ti darúgbó, àti ìyá àgbà tí ń gbé ọmọ-ọmọ pọ̀n. Bí okun irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ń tán, kì í ṣe òun nìkan ni yóò mọ̀ ọ́n lára.

2.0 Ojú tí Àwùjọ Yorùbá fi ń Wo Ìdádúró Nǹkan Oṣù

Àṣẹ́ ni Yorùbá ń pe ẹ̀jẹ̀ tí obìnrin ń rí lóṣooṣù, ṣùgbọ́n àdàpè rẹ̀ ni ó gbajúmọ̀ jù lẹ́nu, èyí ni nǹkan oṣù. Bí ó bá ti dópin, wọn a ní "kò ṣe nǹkan oṣù mọ́" tàbí "nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró". Òpin ni gbólóhùn méjèèjì ń sọ. Kò sí èyí tí ó dárúkọ ọ̀nà tí obìnrin rìn kí ó tó dé òpin náà, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà yìí lè gba ọdún mélòó kan. Nínú iṣẹ́ yìí, "ìgbà ìyípadà" ni orúkọ tí a fún àwọn ọdún náà. "Ìdádúró nǹkan oṣù" dúró fún òpin gan-an. "Ooru òjijì" sì ni ooru tí ń gbéra nínú ara láìròtẹ́lẹ̀.

Lójú àṣà, òpin yìí kì í ṣe ohun ìtìjú. Àwọn èèwọ̀ tí ó de obìnrin tí ń ṣe nǹkan oṣù ní ojúbọ kò dè é mọ́. Ìyì rẹ̀ a máa pọ̀ sí i nínú agbo ilé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ a sì máa wúwo. Nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, èyí tí àjọ UNESCO kéde ní ọdún 2001 gẹ́gẹ́ bí ara ogún àjogúnbá aráyé, agbára àwọn ìyá, pàápàá àwọn àgbà obìnrin, ni a ń fi eré náà yẹ́ sí. Ṣùgbọ́n ìfura ń bá ọ̀wọ̀ yìí rìn. Àgbà obìnrin tí a ń kí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ní ọ̀sán ni wọ́n lè pè ní ẹlẹ́yẹ bí wọ́n bá bá a ní ìta gbangba ní òru, níbi tí ó ti ń wá atẹ́gùn sí ara nítorí ooru.

Ìgbàgbọ́ méjì mìíràn yẹ fún àyẹ̀wò. Èkíní ni pé ẹ̀jẹ̀ tí kò jáde mọ́ ń kó jọ sínú ara, ó sì ń di àìsàn. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Nǹkan oṣù kì í ṣe ìdọ̀tí tí ara ń dà nù. Awọ inú ilé ọmọ tí ó nípọn láti gba oyún ni ó ń wó lulẹ̀ nígbà tí oyún kò dé. Bí awọ náà kò bá nípọn mọ́, kò sí ohun tí yóò wó, kò sì sí ohun tí ó kó jọ.

Ìgbàgbọ́ kejì ni pé bí obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró bá bá ọkọ rẹ̀ lò pọ̀, àtọ̀ yóò di ìju sí i nínú. Nínú ìwádìí tí J. C. Caldwell àti Pat Caldwell gbé jáde ní ọdún 1977, wọ́n ṣe àkọsílẹ̀ pé obìnrin Yorùbá sábà máa ń dá ìbálòpọ̀ dúró bí ó bá ti di ìyá àgbà. Ẹ̀tọ́ obìnrin ni láti yan ìyẹn bí ó bá wù ú. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ìju kò ní ìdí: láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni àtọ̀ ń kú nínú ara obìnrin, ìju fúnra rẹ̀ sì sábà máa ń sún kì lẹ́yìn ìdádúró nǹkan oṣù, nítorí pé họ́mọ́ònù tí ó ń bọ́ ọ ti dín kù.

3.0 Ohun tí ó ń Ṣẹlẹ̀ Nínú Ara

Ní ọdún 1905 ni onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ernest Starling, kọ́kọ́ lo ọ̀rọ̀ náà họ́mọ́ònù. Ìránṣẹ́ ni họ́mọ́ònù nínú ara: ẹ̀yà ara kan pèsè rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ gbé e lọ, ẹ̀yà ara mìíràn sì jẹ́ iṣẹ́ tí ó rán an. Ilé ẹyin obìnrin ń pèsè méjì tí ó ṣe pàtàkì níhìn-ín, ẹsitírójìn àti projẹsitírọ́ọ̀nù. Ẹsitírójìn ni ó ń mú awọ ilé ọmọ nípọn. Projẹsitírọ́ọ̀nù ni ó ń tún un ṣe de oyún.

Gbogbo ẹyin tí obìnrin yóò ní ni wọ́n bí mọ́ ọn, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan sí méjì. Bí ọdún ti ń gorí ọdún ni wọ́n ń dín kù. Bí wọ́n bá ti fẹ́ tán, ilé ẹyin kì í gbọ́ ìpè ọpọlọ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ọpọlọ yóò wá máa pariwo sí i: ẹsitírójìn á lọ sókè lóṣù kan, á já wálẹ̀ lóṣù kejì. Ìdí nìyí tí ìgbà ìyípadà fi máa ń le ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Kì í ṣe pé họ́mọ́ònù ń dín kù díẹ̀díẹ̀ nìkan. Ó ń ṣe ségesège. Nǹkan oṣù lè fò, ó lè sún mọ́ra, ó sì lè pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá.

Ibì kan wà nínú ọpọlọ tí ó ń ṣọ́ ìgbóná àti òtútù ara. Bí ẹsitírójìn bá ń ṣe ségesège, olùṣọ́ yìí kì í lè fara da ìyàtọ̀ kékeré mọ́. Ìgbóná díẹ̀ tó fún un láti pàṣẹ pé kí iṣan ẹ̀jẹ̀ ara ṣí, kí òógùn sì jáde. Ooru òjijì nìyẹn. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ lóru, oorun yóò dá. Bí oorun bá ń dá ní alaalẹ́, okun, ìrántí àti sùúrù yóò dín kù lọ́sàn-án.

Àpapọ̀ oṣù 12 láìrí nǹkan oṣù ni a fi ń mọ̀ pé ó ti dúró. Láàárín ọdún 45 sí 55 ni èyí sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Ìwádìí tí F. E. Okonofua àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 1990 láti Ilé-Ifẹ̀ fi í sí nǹkan bí ọdún 48. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ kí obìnrin tó pé 40, ó yẹ kí dókítà wá ìdí rẹ̀. Bákan náà, ìwádìí ọlọ́jọ́ pípẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, tí à ń pè ní SWAN, fi hàn ní ọdún 2015 pé ìdajì àwọn obìnrin tí ooru òjijì ń yọ lẹ́nu lemọ́lemọ́ ní í ju ọdún 7.4 lọ, láàárín àwọn obìnrin adúláwọ̀ ilẹ̀ náà, ó jẹ́ ọdún 10.1. Ohun tí ó lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń fi "yóò lọ" pa mọ́ra.

4.0 Orúkọ tí kò Tọ̀nà, Ìtọ́jú tí kò Tọ̀nà

4.1 Bí wọ́n bá pè é ní ibà, oògùn ibà ni obìnrin yóò máa rà. Ooru náà yóò lọ fúnra rẹ̀, bí ó ti máa ń lọ, obìnrin yóò sì rò pé oògùn ni ó ṣiṣẹ́, títí yóò fi padà. Láti ọdún 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó fún ẹnikẹ́ni ní oògùn ibà. Ooru òjijì kì í pẹ́ ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, kì í sì í mú ara gbóná fún wákàtí gígùn bíi ti ibà.

4.2 Bí wọ́n bá pè é ní ọ̀lẹ, ìtìjú ni yóò jẹ́ ìtọ́jú rẹ̀. Obìnrin yóò máa fi agídí ṣe iṣẹ́, kò ní sọ̀rọ̀, ọ̀gá rẹ̀ yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí aláìbìkítà.

4.3 Bí wọ́n bá pè é ní iṣẹ́ ayé, owó tí ó yẹ fún àyẹ̀wò yóò bá ètùtù lọ, ìfura yóò sì wọ àárín òun àti orogún tàbí aládùúgbò.

4.4 Àṣìṣe kẹrin ni kí a pe gbogbo àárẹ̀ ní ìgbà ìyípadà. Èyí ni ó léwu jù, nítorí Yorùbá kìlọ̀ fún ẹni tí ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ tí ó ń pa làpálàpá. Nǹkan oṣù tí ó pọ̀ jù lè fa àìtó ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀yà ara ọrùn tí ó máa ń wú di gẹ̀gẹ̀ ń pèsè họ́mọ́ònù tirẹ̀, bí iṣẹ́ rẹ̀ bá sì dín kù, àárẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fi hàn. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ náà máa ń yọjú ní ọjọ́ orí kan náà. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ti ìfúnpá ni ó lè ya wọ́n sọ́tọ̀.

Ohun méjì kò gbọdọ̀ sá pamọ́ fún obìnrin kankan. Níwọ̀n ìgbà tí oṣù 12 kò tíì pé, oyún ṣì lè dé. Bí oṣù 12 bá sì ti kọjá tí ẹ̀jẹ̀ tún yọ, ìbáà jẹ́ ìkán kan, kì í ṣe pé ìgbà èwe padà dé. Ilé ìwòsàn ni kí ó gbà lọ kíákíá, nítorí ó lè jẹ́ àmì jẹjẹrẹ ilé ọmọ. Bí wọ́n bá tètè rí i, ìtọ́jú rẹ̀ ń rọrùn.

5.0 Ìtọ́jú Ara Ẹni

Oorun ni ìpìlẹ̀. Aṣọ òwú fúyẹ́, fèrèsé tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, àti yíyẹra fún kọfí àti ọtí ní ìrọ̀lẹ́ máa ń ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Nípa ti oúnjẹ, ẹsitírójìn tí ó lọ sílẹ̀ ń jẹ́ kí egungun tètè fúyẹ́, kí ọ̀rá sì pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Wàrà, ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń jẹ teegunteegun, ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti sóyà wúlò. Iyọ̀, ṣúgà àti epo dídín yẹ kí ó dín kù.

Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ọdún 2020 ni pé kí àgbàlagbà fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ṣe eré ìdárayá bíi rírìn kánmọ́kánmọ́, kí ó sì lo iṣan rẹ̀ fún iṣẹ́ agbára ní ọjọ́ méjì ó kéré tán. Rírìn àti gbígbé ẹrù níwọ̀nba ń fún egungun lókun.

Fún ẹni tí ooru òjijì kò jẹ́ kó sinmi, ìtọ́jú họ́mọ́ònù wà. Ní ọdún 2002, apá kan ìwádìí Women's Health Initiative ní Amẹ́ríkà, tí obìnrin 16,608 wà nínú rẹ̀, dúró nítorí pé ewu jẹjẹrẹ ọmú àti ti ọkàn pọ̀ sí i díẹ̀. Ìbẹ̀rù gba ayé kan. Àmọ́ nǹkan bí ọdún 63 ni ìpíndọ́gba ọjọ́ orí àwọn tí ó wà nínú ìwádìí náà. Àtúnyẹ̀wò tí ó tẹ̀lé e fi yé àwọn onímọ̀ pé fún ọ̀pọ̀ obìnrin tí kò tíì pé 60, tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò tíì dúró ju ọdún 10 lọ, àǹfààní ìtọ́jú náà lè ju ewu rẹ̀ lọ. Kò bá gbogbo ènìyàn lára mu: ẹni tí ó ti ní jẹjẹrẹ ọmú rí gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, ẹni tí ilé ọmọ rẹ̀ ṣì wà kò sì gbọdọ̀ lo ẹsitírójìn nìkan láìsí projẹsitírọ́ọ̀nù. Dókítà ni yóò pinnu pẹ̀lú rẹ̀. Kì í ṣe oògùn àràlò ní ẹnu ọ̀nà ọjà. Ẹni tí ó bá sì ń mu àgbo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún dókítà, kí oògùn méjì má baà bára wọn jà.

6.0 Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé ìṣòro obìnrin ní agbedeméjì ọjọ́ orí kì í ṣe ti ara nìkan; orúkọ wà níbẹ̀. Ohun tí kò ní orúkọ, orúkọ àìsàn mìíràn ni yóò máa jẹ́, oògùn àìsàn mìíràn ni yóò sì máa lò. Àbá mẹ́ta ni ó tẹ̀lé èyí. Èkíní, kí ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni fi ìgbà ìyípadà sínú ẹ̀kọ́ ìlera, ní èdè Yorùbá, fún tọkùnrin tobìnrin. Èkejì, kí ọ̀gá ilé-ìwé gba olùkọ́ tí ó bá nílò rẹ̀ láyè láti jókòó kọ́ni, láti mu omi, àti láti wà ní yàrá tí atẹ́gùn ń wọ̀. Ẹ̀kẹta, kí ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá, èyí tí ó jẹ́ Àyájọ́ Ìdádúró Nǹkan Oṣù lágbàáyé, jẹ́ ọjọ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ìfúnpá fún àwọn òṣìṣẹ́ obìnrin ní ilé-ẹ̀kọ́. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Olùkọ́ tí ó mọ orúkọ ohun tí ń ṣe é yóò lè tọ́jú ara rẹ̀, yóò sì lè sọ ọ́ fún ọmọbìnrin tí ó jókòó níwájú rẹ̀ lónìí, kí ó tó di tirẹ̀.