Àlejò Òru ní Central Park

Bí oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà bá ti wọlé, àwọn olùfẹ́ ẹyẹ a máa péjọ ní kùtùkùtù ní Central Park, New York, kálukú pẹ̀lú awò tí ń fa ohun tó jìnnà sún mọ́ni. Ramble, igbó kékeré inú ọgbà náà, ni wọ́n fẹ́ràn jù.

Afinimọ̀nà a dúró, a tẹ́tí, a sì nawọ́ sí ẹ̀ka òkè. Ẹyẹ blackpoll nìyẹn! Ìwọ̀n rẹ̀ kò ju nǹkan bíi gíráàmù 12 lọ, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè. Kòkòrò ló ń ṣà jẹ kíákíá, torí ìrìn ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lórí òkun Àtìláńtíìkì ń dúró dè é, láìbà rárá, kó tó dé erékùṣù Kàríbíánì. Ohun ìyanu gbáà ni.

Òru ni ọ̀pọ̀ ẹyẹ tó ń rìnrìn àjò báyìí ń fò, iná ìlú sì ń mú wọn ṣìnà, wọ́n a forí sọ gíláàsì ilé gíga, wọ́n a kú. Ìyẹn ṣeé dín kù. Lálẹ́ 11 Sẹ̀tẹ́ńbà, tí wọ́n bá tan iná ńlá sójú ọ̀run ní ìlú náà ní ìrántí àwọn tó kú nínú ìkọlù ọjọ́ yẹn, àwọn kan wà tó ń ka ẹyẹ. Bí ẹyẹ bá ti lé ní 1,000 nínú ìmọ́lẹ̀ náà, wọ́n á pa iná fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, àwọn ẹyẹ á sì tú ká.