Láti Ìgàndò dé Ganvié, Ìlú Orí Ọ̀sà

Bí ènìyàn bá dúró ní ibùdókọ̀ Ìgàndò ní kùtùkùtù òwúrọ̀, tí ó ń gbọ́ bí àwọn kọ̀ńdọ̀ ti ń ké "Ìyànà-Ìbá! Ẹ mú ṣéńjì yín dání o!", agbára káká ni yóò fi wá sí i lọ́kàn pé ọ̀nà kan náà lè gbé e dé ìlú tí a kọ́ sáàárín omi ní ilẹ̀ òkèèrè, kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wa ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndò ti gbà pé kò sí ìrìnàjò ìgbafẹ́ láìsí fíísà àti bàálù. Bẹ́ẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó ń gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn, wọ́n ń fẹsẹ̀ kọjá ẹnubodè láti Guatemala títí dé Nicaragua, kí wọ́n ṣáà lè sùn mọ́jú ní ìlú kékeré kan létí adágún. Bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn, yóò ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun; àwa ọmọ Àwórì, ọmọ Ọlọ́fin tí ó tẹ̀lé àwo lórí omi títí àwo fi rì, kò yẹ kí a bẹ̀rù àti rìn.

Ní Ìyànà-Ìbá ni a ti ń wọ ọkọ̀ Àgbádárìgì tàbí ti Sẹ̀mẹ̀ tààrà, tí a ó sì kọjá ní Okokomàíkò, Ìjànìkin àti Àgbárá. N kò ní pa irọ́ fún yín: ọ̀nà náà lu bí ajere, ó ń mi ènìyàn, àyẹ̀wò ojú ọ̀nà sì pọ̀ ju ohun tí ó yẹ lọ.

Ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, tí ó wà láàárín Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rù. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ, ọdún 1889, ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé fi ìwé àdéhùn pín ilẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn, tí ẹ̀gbọ́n bọ́ sábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì, tí àbúrò bọ́ sábẹ́ Faransé, tí Ègùn Àgbádárìgì àti Ègùn Àjàṣẹ́, tí ará Kétu àti Yorùbá ìhà ìhín, fi di àjèjì síra wọn lórí ìwé. Àjọ ECOWAS, tí a dá sílẹ̀ ní Èkó níbí ní 1975, ló wá tún un ṣe díẹ̀ nígbà tí ó buwọ́ lu àdéhùn ọdún 1979 pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú àjọ náà lè wọ òmíràn láìgba fíísà, kí ó sì gbé ibẹ̀ fún 90 ọjọ́, bí ìwé ìrìnnà rẹ̀ bá ti pé, tí káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, tí gbogbo ayé ń pè ní yẹ́lò káàdì, sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti 2018 ni òṣìṣẹ́ orílẹ̀-èdè méjèèjì ti ní ọgbà alájọṣe ní Sẹ̀mẹ̀-Kraké. Ẹ tò síbẹ̀, kí ẹ sì rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ìwé yín ní ìhà méjèèjì. Ẹ má ṣe tẹ̀lé ọmọkùnrin ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ tí yóò ní òun mọ ọ̀nà ẹ̀bùrú, nítorí ọ̀nà onífàyàwọ́ ni. Nítorí fàyàwọ́ ìrẹsì àti àwọn ọjà mìíràn ni ìjọba wa fi ti ẹnubodè ilẹ̀ pa láti oṣù Kẹjọ 2019 títí di oṣù Kejìlá 2020. Onísùúrù ni í fún wàrà kìnnìún.

Tí a bá ti sọdá sí Bẹ̀nẹ̀, ẹ ṣẹ́ náírà sí sẹ́fà, owó wọn. Aago wọn kò yàtọ̀ sí tiwa. Faransé ni èdè ìjọba, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sọ Yorùbá ní Àjàṣẹ́ tàbí ní ọjà Dàńtọ́kpà ní Kùtọnu yóò rí ẹni dá a lóhùn. Àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n wọ ẹ̀wù ìyeyè ni yóò gbé yín káàkiri Kùtọnu. Láti ibẹ̀ ẹ wọkọ̀ lọ sí èbúté Abomey-Calavi.

Níbẹ̀ ni ilẹ̀ ti parí. Ganvié, a-fomi-ṣe-ọ̀dẹ̀dẹ̀, a-fọkọ̀-ṣe-ẹsẹ̀, ìlú tí ẹja ń lúwẹ̀ẹ́ lábẹ́ ẹní onílé, wà lórí ọ̀sà Nokoué, àwọn ènìyàn tí ó ju 20,000 lọ ni wọ́n sì ń gbé ibẹ̀ nínú ilé tí a gbé ka orí òpó igi. Ìtàn àwọn Tofinu tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó sọ pé wọ́n sá fún àwọn akónilẹ́rú Dàhòmì, tí ó jẹ́ èèwọ̀ fún wọn láti jagun lórí omi. Àwọn Ẹ̀gbá ọmọ Líṣàbí fi ìbọn àti odi lé ogun Dàhòmì sẹ́yìn ní 1851. Àwọn Tofinu ní tiwọn kò ní odi, ọ̀sà ni wọ́n fi ṣe odi.

Ẹ wo bí wọ́n ti ń pẹja. Wọn a gún ẹ̀ka igi tí ó léwé mọ́ ilẹ̀ ọ̀sà tí kò jìn, títí yóò fi dà bí igbó kékeré. Àkájà ni wọ́n ń pè é. Bí igi náà ti ń rà, oúnjẹ ẹja ń hù sí i lára, èpìyà á wá jẹun, á fi ibẹ̀ ṣe ibùgbé, á bímọ síbẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọn a fi àwọ̀n yí i ká, wọn a fa igi jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹja á sì kù sínú àwọ̀n. Àwọn ọkùnrin ló ń pẹja, àwọn obìnrin ló ń tà á, nínú ọkọ̀ tí wọ́n fi àjẹ̀ wà fúnra wọn. Omi mímu wá ṣọ̀wọ́n láàárín omi, nítorí láti 1885 tí àwọn Faransé ti la ọ̀nà láti ọ̀sà sí òkun ní Kùtọnu ni iyọ̀ ti ń wọlé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìyá ọlọ́mọ á to kẹ́ẹ̀gì sínú ọkọ̀, á lọ tò nídìí ẹ̀rọ omi.

Ẹni tí ó bá ti gba orí afárá Third Mainland kọjá ti rí irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Mákòókò, nítorí Ègùn apẹja ni ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ pẹ̀lú. Ó ń dùn mí pé ní 2012 ìjọba Èkó wó apá kan Mákòókò, nígbà tí Ganvié ti wà láti 1996 nínú ìwé àwọn ibi tí orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ fẹ́ kí UNESCO kà sí ogún gbogbo ayé. Èyí tí wọ́n ń fi pe àlejò lọ́hùn-ún ni àwa ń fi imú yínrìn.

Kí ẹ tó wọ ọkọ̀ ní Calavi, ẹ ná an dáadáa, kí ẹ sì bèèrè bóyá owó àlọ nìkan ni wọ́n dá lé yín. Ilé àlejò wà lórí omi fún ẹni tí ó bá fẹ́ sùn mọ́jú. Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó ya fọ́tò ẹnikẹ́ni, nítorí púpọ̀ nínú àwọn obìnrin ibẹ̀ ni yóò fi akẹtẹ̀ bo ojú. Ìyá tí ń ta ẹja kò jáde wá ṣe ìran wíwò, bí ẹ bá sì ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yóò tó wọ̀ láàárín yín.