Àpò Inú Ọ̀fun: Kí Ni Iṣẹ́ Abẹ Lè Ṣe Sí I?

Lóṣù yìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí àìsàn kan tí àwọn àgbà máa ń fi pamọ́ nítorí ìtìjú.

Bí oúnjẹ bá ń há àgbàlagbà lọ́fun, tí èyí tó jẹ láàárọ̀ tún ń padà sẹ́nu rẹ̀ lálẹ́ láì tíì dà, tí ẹnu rẹ̀ ń rùn bó ti wù kó fọ̀ ọ́ tó, ẹ má tètè pè é ní ọ̀bùn, ẹ má sì sọ pé ayé ló ń ṣe é. Ó lè jẹ́ pé àpò kan ti yọ sí ẹ̀yìn ọ̀fun rẹ̀.

Báwo ló ṣe ń yọ? Ẹ wo géètì ọjà tí kò ṣí tán: èrò á máa ti ara wọn, ibi tí ògiri kò bá ti lágbára ni yóò wú síta. Iṣan kan wà lókè ọ̀nà oúnjẹ tó yẹ kó ṣí bí a bá ń gbé nǹkan mì. Bí kò bá ṣí tó, oúnjẹ á ti ibi tó fẹ́lẹ́ lókè rẹ̀ síta, ibẹ̀ á sì di àpò. Àwọn tó ti lé ní 60 ọdún ló sábà ń ṣe. Friedrich Zenker, ará Jámánì, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1877. Orúkọ rẹ̀ ni àwọn dókítà fi ń pè é títí dòní.

Ewu rẹ̀ ni pé oúnjẹ inú àpò lè ṣàn wọ ẹ̀dọ̀fóró lóru. Oògùn mímu kò lè mú àpò náà kúrò. Wọ́n á fún aláìsàn ní omi funfun kan mu, wọ́n á sì ya fọ́tò ọ̀fun rẹ̀ ní X-ray. Bí àpò bá kéré tí kò dani láàmú, wọ́n lè fi í sílẹ̀. Bí ó bá ń dani láàmú, ọ̀nà méjì ló wà. Dókítà lè la ẹ̀gbẹ́ ọrùn, kó gé iṣan náà kó lè dẹ̀, kó sì gé àpò kúrò. Ó sì lè gba ẹnu wọlé, kó la ògiri tó wà láàárín àpò àti ọ̀nà oúnjẹ, kí méjèèjì di ọ̀nà kan. Iṣan yẹn ni kókó ọ̀rọ̀: bí wọ́n bá gé àpò nìkan, géètì kò tíì ṣí, òmíràn lè tún yọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tó ń há lọ́fun ni àpò. Jẹjẹrẹ náà lè bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ má dúró de oṣù tó ń bọ̀. Owó tí a ń dá jọ, ká lè jẹun ní àlàáfíà la ṣe ń dá a.